Má Fi Tiwalọlá Sílẹ̀ Níbẹ̀

Agboolé wa, Ìrẹmọ,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Bọ́sẹ̀dé ọmọ Dúpẹ́,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Bí Tiwalọlá bá wà nítòsí, gbé e sí itan bí ó bá gbà fún ọ. Bí kò bá gbà, jẹ́ kó máa ṣeré rẹ̀ níbi tí ojú rẹ ti lè tó o. Mi ò fẹ́ kí o ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kí ọmọ náà má sí lójú rẹ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ibi tí o ti sọ pé bánkì ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní Àkúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ kà, mo sì jó yí yàrá ká bí ọmọdé. Ọdún mélòó lo ti ń wá iṣẹ́! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ojú ìwé kejì, mo ṣíwọ́ ijó. O ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, o ní obìnrin tó ń bá yín tọ́jú ọmọ sọ pé apá òun ò ká Tiwalọlá mọ́. O ní ìyá ọkọ rẹ ti rí ilé àdúrà kan ní ìgbèríko, níbi tí wọ́n ti máa ń tú ahọ́n ọmọ tí kò bá sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ní kó lò níbẹ̀. Wọn ò sì fẹ́ kí ìyá tàbí bàbá wá wò ó títí oṣù mẹ́ta náà yóò fi pé. Ọjọ́ Àìkú yìí lẹ ó gbé e lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ lo wá bi mí pé, "Màmá, kí lẹ rí sí i?"

Ọmọ mi, ohun tí mo rí sí i ni pé mo ti rí i rí. Ojú mi yìí ni mo fi rí i, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi ṣe é. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì bí ẹni tó gbé eegun ẹja mì, mo sì ti pinnu pé màá gbé e dé sàréè. Lẹ́tà rẹ ló mú kí n bì í jáde. Láti àná ni mi ò ti lè fọkàn sí nǹkan kan. Mo se ọbẹ̀, mo gbàgbé iyọ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó.

O mọ àpá tó yí ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún Àǹtí Fọlá ká. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, o bi mí pé kí ló ṣe é níbẹ̀, mo sì sọ fún ọ pé epo gbígbóná ló dà sí i. Irọ́ ni mo pa. Epo kì í yí ẹsẹ̀ ká roboto bí ẹ̀gbà. O dàgbà, o kàwé, o ò sì bi mí mọ́. Bóyá ìwọ náà ń bẹ̀rù ìdáhùn. Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ló dá àpá náà. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ni mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti dè é.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì péré ló yè fún ìyá wa, èmi àti Fọlákẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ. Fọlá ò sọ̀rọ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Tí wọ́n bá pè é, kì í bojú wẹ̀yìn. Kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí àwọn obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí gúnyán nínú agboolé, á fọwọ́ di etí méjèèjì, á sá wọ abẹ́ ibùsùn. Aṣọ kan ṣoṣo ló máa ń fẹ́ wọ̀; tí ìyá wa bá fọ̀ ọ́, á dúró sídìí okùn tí wọ́n sá a sí títí yóò fi gbẹ. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún un ló máa ń sọ padà fún wa. Bí o bá ní, "Fọlá, ṣé o ti jẹun?" òun náà á ní, "Fọlá, ṣé o ti jẹun?" Àwọn ará ilé ń pè é ní dìndìnrìn. Ìyá wa ò gbà fún wọn. Ó máa ń sọ pé, "Ọmọ mi ń gbọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ ọ." Nígbà tí àìsàn dá ìyá wa wó, ó fi ọwọ́ Fọlá lé mi lọ́wọ́ kó tó kú. Ó mọ̀ pé ó yé mi.

Ó yé mi lóòótọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdána mi. Ìdílé bàbá rẹ ń bọ̀ láti Iléṣà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, olùkọ́ tuntun, mo wọ bàtà gíga, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí wọ́n bá fojú kan Fọlá, wọn á ní àrùn ọpọlọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Mo tì í mọ́ yàrá tí bàbá wa ń kó àpò kòkó sí. Mo fún un ní ẹ̀pà àti gúgúrú, mo ní kó dákẹ́. Àwọn àlejò dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ariwo náà wọlé tọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi orí gbá ilẹ̀kùn. Gbì. Gbì. Gbì. Ìyá bàbá rẹ yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó wa, kí ló ń dún yẹn?"

Mo ní, "Ewúrẹ́ ni, Mà."

Wọ́n ń bá orin wọn lọ, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ṣí ilẹ̀kùn. Iwájú orí rẹ̀ ti wú. Kò sunkún. Ó kàn wo ẹ̀gbẹ́ etí mi, bó ṣe máa ń wo ènìyàn, ó ní, "Ewúrẹ́ ni, Mà."

Àbẹ̀kẹ́, má fi Tiwalọlá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní bánkì bá bi ọ́ pé ọmọ mélòó lo ní, kà á mọ́ wọn, kí o sì dárúkọ rẹ̀. Mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ariwo bá pọ̀ jù fún un, ẹ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ẹ jáde nígbà tí ó bá yẹ, kí ẹ sì tún padà wọlé. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fi pamọ́ ni a ó máa tijú rẹ̀, ìtìjú náà ni yóò sì mú wa lọ́wọ́ lọ síbi tí a ò rò pé ẹsẹ̀ wa lè dé. Ọdún méjì péré ló wà láàárín ọjọ́ tí mo ti ilẹ̀kùn yẹn àti ọjọ́ tí mo mú un lọ.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí ló le jù, má sì rò pé mò ń dá ọ lẹ́bi: nítorí rẹ ni. Bàbá wa ti dàgbà, kò lè dá tọ́jú Fọlá mọ́, Fọlá sì ti wá ń gbé lọ́dọ̀ èmi àti bàbá rẹ. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Oyún mi àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Nígbà tí mo tún lóyún, tí oyún náà jẹ́ ìwọ, ìyá bàbá rẹ wá láti Iléṣà. Ìkà kọ́ ni obìnrin náà. Ìwọ náà mọ bó ṣe fẹ́ràn rẹ tó. Ó jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Dúpẹ́, mi ò ní àbúrò rẹ ò dáa o. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni aboyún ń wò ó. Ṣé o ò bẹ̀rù?"

Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Mà."

"Wòlíì kan wà lẹ́yìn Ìpetumodù. Ó ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oṣù mẹ́ta péré ni. Kó o tó bímọ, yóò ti padà dé, orí rẹ̀ á ti pé."

Bàbá rẹ ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Mo lọ bi bàbá wa, ó ní, "Ìwọ lo kàwé. Ohun tí o bá rí pé ó dára ni kí o ṣe." Gbogbo wọn gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì gbé e fún ẹ̀rù. Ọmọ mi, mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ẹ̀rù. Kì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ohùn ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló sì máa ń yá lò.

A wọ mọ́tò lọ. Fọlá fẹ́ràn mọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín sí atẹ́gùn. Nígbà tí a dé abúlé náà, mo rí i pé ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ìsọkúsọ, àwọn kan dákẹ́ lọ gbári. Wòlíì náà wọ aṣọ funfun tó mọ́ tónítóní. Ó gbàdúrà fún mi, ó gbàdúrà fún oyún mi, ó ní kí n máa lọ, kí n má bojú wẹ̀yìn. Fọlá di ìró mi mú. Mo tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé, "Mò ń bọ̀ wá mú ọ lọ́la."

Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo ra búrẹ́dì àti ẹja inú agolo, mo lọ. Ìyàwó wòlíì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí Fọlá bá rí mi, ẹ̀mí tí wọ́n ń lé yóò tún padà. Ó ní kí n kàn yọjú láti ẹ̀yìn ọgbà. Mo yọjú. Wọ́n ti fá orí rẹ̀. Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi dè é mọ́ ìtì igi. Ó jókòó nínú ẹrùpẹ̀, ó ń mì síwá sẹ́yìn, ó sì ń sọ̀rọ̀. Mo tẹ́tí. Ohun tó ń sọ ni pé, "Mò ń bọ̀ wá mú ọ lọ́la. Mò ń bọ̀ wá mú ọ lọ́la."

Mo gbé búrẹ́dì náà fún obìnrin yẹn, mo sì padà sílé.

Mo fẹ́ kí o ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Mo rí i, mo gbọ́ ọ, mo sì padà sílé. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ara rẹ̀ ń yá. Mo tún fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, torí mo ti gbà gbọ́ pé bí mo bá mú un kúrò kó tó tó àkókò, ìwọ lohun burúkú yóò ṣe.

Ẹni tó gbà wá ni ọ̀gá wa ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni nígbà náà, Ìyáàfin Ògúnṣọlá, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Mo dákú níwájú kíláàsì lọ́jọ́ kan. Ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fún mi lómi, ó ní, "Kì í ṣe oyún nìkan ló ń ṣe ọ́. Sọ ọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò gbàdúrà fún mi. Ó bi mí léèrè pé, "Ta ló sọ fún ọ pé ó ń ṣàìsàn?"

Mo ní, "Mà, kò dà bí àwa."

Ó ní, "Bàbá mi dití láti kékeré. Wọ́n ní ẹ̀mí ló dì í létí. Wọ́n lé e lé e, kò lọ. Nígbà tó yá, àwa ọmọ rẹ̀ kọ́ bó ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Bàbá mi ò yí padà rárá. Àwa la yí padà. Dìde, ká lọ mú ọmọ náà."

Ọjọ́ yẹn gan-an la lọ. Wòlíì ní oṣù mẹ́ta ti pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí náà kò tíì jáde, òun ò ní tú u. Èmi ti ń ṣe bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyáàfin Ògúnṣọlá ò bá a jà. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó jókòó sínú ẹrùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fọlá, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó ní, "Ó dáa, Bàbá. Ẹ lọ mú òmíràn wá. Ẹ de èmi náà." Mo jókòó tẹ̀lé e. A wà níbẹ̀ láti ọ̀sán títí oòrùn fi ń wọ̀. Àwọn tó wá gbàdúrà bẹ̀rẹ̀ sí kóra jọ, wọ́n ń wo obìnrin oníwèé àti aboyún nínú ẹrùpẹ̀. Ojú ti wòlíì. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó ní, "Bí ó bá kú lọ́nà, ọwọ́ mi mọ́."

Irin ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú. Ó tó oṣù kan kí egbò náà tó jinná. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, àní kò sọ ọ̀rọ̀ wa padà fún wa mọ́. Mo máa ń pè é, mo máa ń bẹ̀ ẹ́, á kàn yíjú sí ògiri. Mo rò pé mo ti pa ohùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo bí ọ. Ìwọ náà sì lariwo, Àbẹ̀kẹ́! Ẹkún rẹ ń dé òpin àdúgbò. Mo ń bẹ̀rù ohun tí ariwo rẹ yóò ṣe fún un. Ní ọjọ́ kẹta, o bẹ̀rẹ̀ sí ké, a gbé ọ jó, a kọrin fún ọ, o ò dákẹ́. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Fọlá jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí pinpin, omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí ariwo náà ń dùn ún, síbẹ̀ ó rìn títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó ní, "Ebi ń pa á."

Òótọ́ ni. Omi ọyàn mi ò tíì wá dáadáa, kò sì sí ẹnì kan nínú àwa ọlọ́gbọ́n tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti mú un bọ̀. Ìwọ lo mú un padà wá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ kò ní òye, rántí ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ pé ebi ń pa ọ́.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́, ilé tí wọ́n bá ti sọ pé ìyá ò gbọ́dọ̀ wọ̀ kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ibi yòówù kí wọ́n ní kí o mú ọmọ rẹ lọ, ìbáà jẹ́ ti àdúrà, ti ewé, tàbí ti dókítà òyìnbó, ìbéèrè kan péré ni kí o bi wọ́n: "Ṣé mo lè bá a sùn níbí?" Tí wọ́n bá ní rárá, yíjú padà. Mi ò kọ àdúrà. Èmi fúnra mi ń gbàdúrà fún un lóròòwúrọ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí mo mọ̀ ò nílò ṣẹkẹṣẹkẹ̀ kó tó gbọ́ wa.

Èkejì, má lọ bínú sí ìyá ọkọ rẹ. Ẹ̀rù ló ń bà á, bí ẹ̀rù ṣe ba ìyá bàbá rẹ. Kúnlẹ̀ fún un, kí o sì sọ pé, "Mà, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ tọ́jú rẹ̀ nílé." Bí kò bá gbà, ka lẹ́tà yìí sí i létí. Mo gbà kó gbọ́ ìtìjú mi. Ọkọ rẹ náà, má jẹ́ kó dákẹ́. Bàbá rẹ dákẹ́ nígbà náà, títí ó fi kú ló ń dùn ún.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú Tiwalọlá lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì máa ń gbé aṣọ wá fún Àǹtí Fọlá kó bá a lọ̀. Ó ń wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń to aṣọ ní àwọ̀ sí àwọ̀, bó ṣe ń kùn sí ara rẹ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Màmá, àbúrò yín ò ṣàìsàn o. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn ṣiṣẹ́, ohùn àti ìmọ́lẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ju bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa lọ." Ó ní ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo wọ yàrá, mo sì sunkún, torí pé láti ọjọ́ tí mo ti mọ Fọlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò pe ohun tó wà lára rẹ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe èébú. Mi ò sọ pé ohun kan náà ló ṣe Tiwalọlá. Dókítà kọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n bí o ṣe ní ó máa ń to ìdérí ìgò sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ibùsùn, tí yóò sì ké tí wọ́n bá mú ẹyọ kan kúrò, mo mọ ojú ọ̀nà yẹn. Mo ti rìn ín.

Ẹ má fi agbára yí ojú rẹ̀ sí yín. Ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un kí ẹ tó ṣe é, kódà bó bá dà bí ẹni pé kò gbọ́. Ẹ má bá àlejò sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àga. Má lù ú nítorí ẹkún, wá ohun tó ń dùn ún. Mo lu àwọn ọmọ nílé-ìwé, Àbẹ̀kẹ́. Kí n tó mọ̀, mo ti na àwọn tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, mo ti pe àwọn tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú ní olódo. Mo ṣì máa ń pàdé àwọn kan lára wọn lójú ọ̀nà, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ kí mi, èmi ni mi ò ní lè wo ojú wọn.

Má sì rò pé ayé burú tán. Ọkùnrin tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, Bàbá Síkírù, máa ń na ọwọ́ sókè sí Àǹtí Fọlá kó tó tan ẹ̀rọ rẹ̀, kó lè ráyè wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Mo ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ṣe dáadáa tí a bá lè la ẹnu sọ ohun tí ọmọ wa nílò. Àwa la máa ń dákẹ́, tí a ó wá máa bínú pé wọn ò mọ̀.

Mo dúró díẹ̀ níbí yìí. Mo rí i pé kò yẹ kí n kọ ìtàn Fọlá ránṣẹ́ láìbi í. Mo pè é, mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Ó ń lọ aṣọ, kò gbé ojú sókè. Nígbà tí mo kà á tán, mo ní, "Fọlá, oṣù mẹ́ta tí mo fi ọ́ sílẹ̀ yẹn, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ aṣọ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún, Àbẹ̀kẹ́! Kò sọ ọ́ rí. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó wọn pamọ́ sínú. Mi ò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni tàbí kì í ṣe ìdáríjì. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, torí pé tirẹ̀ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹ bá fi Tiwalọlá sílẹ̀ níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, yóò máa ka ọjọ́.

Mi ò ní tàn ọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo ń bẹ̀rù pé lẹ́tà yìí lè pẹ́ lọ́nà. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá kú, ta ni yóò máa rántí pé Àǹtí Fọlá kì í jẹ ẹ̀bà tó bá ti kan ọbẹ̀ kó tó dé iwájú rẹ̀? Ìwọ náà á ní irú ẹ̀rù yìí fún ọmọ rẹ, mi ò sì ní oògùn rẹ̀. Bí o bá lè ní ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ ọmọ náà dáadáa, tí wọ́n mọ ohun tó ń dùn ún àti ohun tó ń mú un rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni ogún tí o lè fi sílẹ̀ fún un. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ kí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni màá wá tọ́jú rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi ṣófo. Àǹtí Fọlá yóò bá mi wá. Ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi máa bínú pé ojú ọ̀nà yí padà, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á wálẹ̀.

Awakọ̀ tó ń lọ sí Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọ̀la ni màá fi lẹ́tà yìí rán, ó ti ṣèlérí pé ọwọ́ rẹ gan-an lòun ó fi í lé. Àwa méjèèjì yóò wọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Má se oúnjẹ dè wá, má tún ilé ṣe. Bí a bá dé tí ọmọ náà wà nílé, èmi á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí wọ́n bá sì ti yára gbé e lọ kí a tó dé, má yọ bàtà lẹ́sẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà náà la ó ti jọ kọrí síbẹ̀, a ó sì jókòó sínú ẹrùpẹ̀ wọn títí wọn yóò fi gbé e fún wa.

Èmi ìyá rẹ tí kò tíì sùn láti àná,
Dúpẹ́.